C Kan Nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ tí Àlàájì Ràṣídì fi ọwọ́ gbá tábìlì ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, èmi ni mo jókòó sún mọ́ tábìlì náà jù. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú o. Wọ́n pe ọmọ rẹ̀ ní olódo níṣojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kì í ṣe olódo. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ọdún Ògìyán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà náà, ó sì ku díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé. Èjìgbò kún fọ́fọ́ fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti Àbíjàn dé. Agboolé wo ni kò ní ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní ìlú wa yìí? Bí wọ́n bá dé bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á mú ọmọ wọn wálé kó wá kàwé, kó má baà di pé tí wọ́n bá ní kó wá sin òkú ìyá rẹ̀ àgbà, kò ní mọ ọ̀nà ilé. Àlàájì Ràṣídì wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní Àbíjàn. Múlíkà ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí kì í gbójú sókè. Ó ti ka ìwé Faransé débi tó ti gba bùrẹ́fẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó bá ìdánwò JSS3 tiwa ṣe déédéé.

Ọ̀gá àgbà wa gba ìwé ẹ̀rí náà, ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wò ó.

"Mẹ́tàlá ni ọmọ yìí gbà nínú ìṣirò," ó ní. "Sáyẹ́ǹsì lẹ sì ní ẹ fẹ́ kó ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àlàájì, mẹ́tàlá. Èmi kò tíì rí olódo tó gbé mẹ́tàlá wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì rí."

Ibẹ̀ ni Àlàájì ti gbá tábìlì. "Nínú ogún ni, sà. Ogún ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá ti yege. Ẹni tó bá gba mẹ́tàlá, wọ́n á máa bá bàbá rẹ̀ yọ̀."

Ọ̀gá wa kì í ṣe ọmọ Èjìgbò. Apá Èkìtì ló ti wá, kò sì tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ì bá jẹ́ ọmọ ìlú wa ni, ì bá ti mọ̀ nípa ogún yìí láti kékeré. Ó mú bíírò, ó ṣírò ó sí etí bébà kan, ó gbé orí sókè. "Ìyẹn ju ọgọ́ta lọ dáadáa nínú ọgọ́rùn-ún," ó ní. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ẹ̀rín ń pa mí, ni mo bá kọjú sí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n tó sọ mí di olùdámọ̀ràn, ẹni tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní kánsẹ́lọ̀. Lọ́rọ̀ kan, èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárín JSS3 àti SS1. Ọmọ tó bá ṣe ìdánwò JSS3, àbájáde rẹ̀ ló máa sọ ibi tó ń lọ. Bó bá fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì lọ́dọ̀ tiwa, ó gbọ́dọ̀ ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìṣirò àti nínú Básíìkì Sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó ń lọ sí áàtì àti kọ́másà náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí èèyàn máa gbà tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní dábùú rẹ̀. A, B àti C ni kírédíìtì. F, ẹ mọ ìyẹn. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni P, nítorí pé páàsì ni ìtumọ̀ rẹ̀, òbí wo ló sì máa gbọ́ pé ọmọ òun páàsì tí á tún gbà pé kò páàsì?

Màmá Adétòún, tó ṣe kánsẹ́lọ̀ ṣáájú mi, ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "P dà bí àlejò tó dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé. Má jẹ́ kó wọlé, má sì lé e lọ." Mo rò pé àwàdà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ náà ni wọ́n sọ tán yẹn.

Ìyá kan wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ní ọdún kan, ó gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú iṣu ńláńlá nínú àpò, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. P ni ọmọ náà gbà nínú ìṣirò. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi gbẹ.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ páàsì síbẹ̀," ìyá náà wí.

"Páàsì ni lóòótọ́, Ìyá. Kírédíìtì la ń wá."

"Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn?"

Mo ronú sí i, mo ní, "Ṣé ẹ rí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti èyí tó ti gbó? Àgbàdo ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò tíì tó jẹ."

Ó wo ojú mi, ó wo àpò iṣu rẹ̀. "Ẹ wá bá mi jẹ iṣu yìí, Tíṣà, kí àgbàdo tèmi lè tètè gbó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n gbé iṣu náà padà, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi iṣu gba C. Ọmọ náà lọ sí áàtì, ara sì tù ú níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Bí mo bá ń kọjá lọ ní ìlú, wọ́n á ní, "Ìyá Kírédíìtì, ẹ kú àárọ̀ o." Mo sì ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Múlíkà. A ti yanjú ọ̀rọ̀ ìṣirò, ó wá ku Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́hùn-ún, bí èdè àjèjì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tiwa ní Faransé níbí. Mẹ́sàn-án ló gbà nínú rẹ̀. Nínú ogún yìí náà, mẹ́sàn-án ò yege.

"Àlàájì, a ò lè gbà á sí SS1," ọ̀gá àgbà wí. "Kò ṣe ìdánwò JSS3 wa, kò sì ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kó lọ bá wọn jókòó ní JSS3, kó ṣe ìdánwò náà ní òpin ọdún."

Àlàájì ò gbá tábìlì lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ kàn wálẹ̀ ni. "Ọmọ tó ti gba bùrẹ́fẹ̀ ò ní padà sẹ́yìn lọ bá àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó. Bí ẹ ò bá gbà á sí SS1, mo ń mú un padà lọ sí Àbíjàn. Ìyàwó mi nílò ẹni tó máa dúró tì í ní ìsọ̀."

Mo rí ojú ọmọ náà. Kò sunkún, ṣùgbọ́n gbogbo ojú rẹ̀ kú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láàyè kí n bá a sọ̀rọ̀, mo sì mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yorùbá ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì dá mi lóhùn ní Yorùbá Èjìgbò tó dán mọ́rán, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ń sọ. Ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún, Faransé wà fún ilé ìwé.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì ṣe?"

Ó ní nọ́ọ̀sì ni. Ó ní nígbà tí ìyá òun ń rọbí àbúrò òun ìkẹyìn ní Àbíjàn, ìyá náà gbàgbé gbogbo Faransé tó mọ̀, ó ń ké ní Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́, àfi nọ́ọ̀sì kan báyìí tó jẹ́ ọmọ Èjìgbò, tó sáré wá dì í lọ́wọ́ mú, tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá mi, mo wà níbí." Ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹni yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín àwọn sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lẹ́yìn bùrẹ́fẹ̀, àyè sáyẹ́ǹsì ti kún, wọ́n gbé òun sí ẹ̀ka lítíréṣọ̀. Òun ló bẹ bàbá òun pé kó mú òun wálé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bẹ Pàpá," ó ní. "Mo lè jókòó ní JSS3. Mi ò kọ̀. Àwọn ni ojú ń tì."

Mo wọlé padà. Mo bẹ Àlàájì, mo fi ọ̀rọ̀ sí i létí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àgbà náà bá mi bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Ọdún kan. Bó bá gba C nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó di tiyín. Bó bá gba P, ẹ ò gbọdọ̀ bá mi sọ nǹkan kan mọ́." A gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ọmọ náà ní agboolé wọn, ó sì padà sí Àbíjàn.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé wọlé gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Òfin wà ní ilé ìwé wa pé ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì á kúnlẹ̀. Múlíkà bi ọmọ tó jókòó tì í pé ojú ewé wo ni wọ́n wà, ó sì bi í ní Yorùbá. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Nígbà tó dìde níbẹ̀, ó panu mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ní èdè kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màdáàmù Bọ̀njúù. Mo rí i lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ kan, òun nìkan, inú sì bí mi débi pé mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ tààrà.

"Ọ̀gá, òfin yẹn ń pa ọmọ kan."

Ọ̀gá ní, "Òfin gbogbo wa ni. Bí a bá yọ ẹnì kan sílẹ̀, kí la fẹ́ sọ fún àwọn yòókù?"

"Ọmọ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè wo lẹ fẹ́ kí n fi kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé Faransé ni? Èmi náà ò mọ̀ ju bọ̀njúù yẹn lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọmọlúàbí ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ le. Wọ́n ní kí òfin dúró ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń sọ nínú ọ́fíìsì mi, àwọn ò ní etí tí àwọn fi ń gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lu aago ìsinmi, Múlíkà á wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò fún un ní ìwé gírámà kankan. Mo ní kó sọ ohun tó rí láàárín agboolé wọn àti ilé ìwé fún mi ní Yorùbá. Ó rí ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó rí ọlọ́kadà méjì tó ń jà nítorí èrò kan, tí èrò náà sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọmọ yìí mọ ìtàn sọ, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tó bá parí, àá wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, á sọ ọ́ lẹ́nu kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀ ni pé Faransé ló ń gbé sí Gẹ̀ẹ́sì? Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan pé òun ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí àwọn Faransé ṣe ń sọ ọjọ́ orí, bí ẹni pé ó ní adìẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bi í pé ọjà wo ló ti rà wọ́n. Ìyẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹ lè bi àwọn ọmọ inú mi. Mo jágbe mọ́ ọn dáadáa. Ó kọ àṣìṣe kan náà léraléra lọ́jọ́ kan, mo ní kó máa lọ, pé ó rẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, aago ìsinmi ò tíì dákẹ́ tí ó fi yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, mi ò lè parọ́.

Ìdánwò mọ́ọ̀kì dé, èyí tí a fi ń dán wọn wò ṣáájú ti gidi. Múlíkà gba A nínú ìṣirò. Ó gba P nínú Gẹ̀ẹ́sì, P náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di F. Mi ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí Àlàájì lórí Wásáàpù, àmọ́ ìlú wa ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé Àbíjàn. Ó pè mí lórí fóònù.

"Tíṣà, ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ti gbìyànjú, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ń bọ̀ wá mú un."

"Àlàájì, ọdún kan lẹ sọ. Ọdún ò tíì pé."

Ìgbà náà ló wá sọ ohun tí kò sọ lọ́jọ́ tábìlì. "Wọ́n dá èmi náà padà sẹ́yìn nígbà tí mo wà nílé ìwé, Tíṣà. Níbẹ̀ yẹn náà, ní Èjìgbò. Àbúrò mi wá bá mi ní kíláàsì, ó sì gba ipò tó dára jù mí lọ. Àwọn ọmọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi sá lọ sí Àbíjàn. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Mi ò fẹ́ kí ojú ti ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tí mo rò pé agídí ló ń ṣe, ọgbẹ́ ló ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kó tún fi ọgbẹ́ tirẹ̀ dá ọmọ dúró. Mo ní, "Àlàájì, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin sá nígbà náà. Ọmọ yín ò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á jókòó ní JSS3, ó sì ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣubú fúnra rẹ̀ bó bá máa ṣubú. Ẹ má gbé e ṣubú."

Ó wá ní, "Kí ìdánwò kọjá, nígbà náà."

Ìdánwò kọjá. Ẹ ò mọ bí ìdúró de èsì ṣe ń rí fún ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ nìkan kọ́ ni àyà ń já. Mo ti rí èsì lóríṣiríṣi, mo ti fi ẹnu mi sọ fún ọmọ pé kò wọlé, mo sì ti sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ò jẹ́ kí n sùn. Ọkọ mi ní ṣé èmi ni mo ṣe ìdánwò ni.

Nígbà tí èsì dé láti Òṣogbo, ọ̀gá àgbà pè mí kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi ìka sí orúkọ ọmọ náà. Ìṣirò, A. Básíìkì Sáyẹ́ǹsì, B. Mi ò fẹ́ wo èyí tó kù. Ọ̀gá ló kà á sókè: "Gẹ̀ẹ́sì, C." Mo jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó. Omi ló ń dà lójú mi, mi ò sì nù ún.

"Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó kù," ọ̀gá wí. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. "Yorùbá, P."

Lóòótọ́ ni. Ọmọ tí mo torí Yorùbá bá ọ̀gá jà, kírédíìtì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú Yorùbá. Ó mọ̀ ọ́n sọ bí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ kọ láti kékeré, èmi náà ò sì rántí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbájú mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé sáyẹ́ǹsì ò béèrè kírédíìtì Yorùbá. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé yọjú wò wá.

Mo pe Múlíkà wá, mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ má fi mí ṣeré, mà." Mo tún un sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó wà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún gbogbo èyí tí kò sun láti ọdún tó kọjá. Mi ò ní kó dákẹ́.

Àlàájì dé fún ọdún Ògìyán, bó ṣe máa ń dé. Ó wọ aṣọ funfun wá sí ilé ìwé, ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fúnra wọn ló jókòó tì í, tí wọ́n ka èsì náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá.

"C yìí," Àlàájì béèrè, "ṣé ó tó?"

"Ó tó, Àlàájì."

"Kò ní sí ẹni tó máa dá a padà?"

"Kò sí," mo ní. "Ẹnu ọ̀nà kan náà ni A àti C ń gbà wọlé."

Ó mi orí, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tó máa ń pàṣẹ, mo rò pé àṣẹ ló fẹ́ pa. Ṣùgbọ́n ó bi í léèrè bí ẹni ń bi àgbà léèrè. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń padà. Ṣé kí n mú ọ lọ ni, àbí kí n fi ọ́ sílẹ̀? Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Múlíkà, ọmọ tí kì í gbójú sókè, wo bàbá rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Pàpá, ẹ máa lọ," ó ní. "Ẹ bá mi kí àwọn ará ìsọ̀."

Àlàájì gbé e dìde, ó fi etí agbádá nu ojú ara rẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n fi kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà han òun. Mo mú wọn lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé.